Inú rírun nǹkan oṣù: kí ló kan oògùn ìfètòsọ́mọbíbí níbẹ̀?

Káàdì oògùn kékeré kan lè dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé. Ìyá ń tú báàgì ọmọ rẹ̀ tó dé láti yunifásítì, ó ń wá aṣọ tó máa fọ̀, ọwọ́ rẹ̀ bá ba hóró oògùn tí wọ́n fi ń dènà oyún. Ọmọ ní, "Mọ́mì, dókítà ló kọ ọ́ fún mi, torí inú tó ń run mí ni." Ìyá ní kó lọ pa irọ́ yẹn fún ẹlòmíràn. Wọ́n pe àǹtí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àǹtí ní òótọ́ lọmọ ń sọ, ni ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àǹtí náà.

Irú ẹjọ́ báyìí kò ṣàjèjì ní Ìbàdàn, ì báà jẹ́ ní Agbowó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún fọ́fọ́ tàbí ní agbo ilé ní Bẹẹrẹ. Òótọ́ ni pé oògùn yìí ń dènà oyún. Òótọ́ sì ni pé ó wà lára àwọn oògùn tó ń ṣiṣẹ́ jù fún inú rírun nǹkan oṣù, àwọn dókítà sì ń kọ ọ́ fún ọmọbìnrin tí kò tíì mọ ọkùnrin rárá. Bó bá jẹ́ èmi ni ìyá yẹn, ìbéèrè mìíràn ni mo máa bi ọmọ mi: "Ṣé wọ́n wọn ìfúnpá rẹ kí wọ́n tó fún ẹ?" A ó dé orí ìyẹn láìpẹ́.

Oògùn wo gan-an là ń sọ?

Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí pọ̀ ní oríṣi. Abẹ́rẹ́ wà, èyí tí wọ́n ń tì bọ abẹ́ awọ apá wà, èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ wà, oníhóró náà wà. Oníhóró tó ní họ́mọ́ónù méjì nínú là ń sọ. Họ́mọ́ónù ni èròjà tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri láti fi darí iṣẹ́ inú ara. Àwọn méjì tó wà nínú oògùn yìí, ẹ́sítírójìn àti projẹ́sítírónì, jẹ́ àtọwọ́dá irú èyí tó ń darí nǹkan oṣù.

Bí ẹ bá fa káàdì náà yọ nínú páálí, hóró 28 lẹ máa rí lára rẹ̀. 21 ló ní họ́mọ́ónù. Àwọ̀ 7 tó kù yàtọ̀, wọn kò sì ní họ́mọ́ónù kankan. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, èròjà tó ń fún ni lẹ́jẹ̀ ni wọ́n fi sínú 7 yẹn. Wọ́n fi wọ́n kún káàdì kí obìnrin má baà gbàgbé pé hóró kan lójúmọ́ ni. Ìwọ̀n rẹ̀ wà lára páálí: levonorgestrel 0.15 mg, ethinylestradiol 0.03 mg. Microgynon jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí ẹ bá rí ìwọ̀n yìí, oògùn tí à ń sọ nìyẹn, orúkọ yòówù kí wọ́n kọ sí i níwájú.

Méjì wà tí àwọn èèyàn máa ń ṣì mú fún un. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń lò lẹ́yìn ìbálòpọ̀, irú bíi Postinor-2. Levonorgestrel inú rẹ̀ jẹ́ 1.5 mg lápapọ̀, ìyẹn ìlọ́po mẹ́wàá ohun tó wà nínú hóró ojoojúmọ́ kan. Pàjáwìrì ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọbìnrin tó bá ń gbé e mì lóṣooṣù nítorí inú rírun kàn ń da kàlẹ́ńdà nǹkan oṣù rẹ̀ rú ni. Èkejì ni norethisterone 5 mg, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Primolut N, tí àwọn obìnrin ń lò kí nǹkan oṣù má baà bọ́ sí ọjọ́ ìgbéyàwó tàbí ìrìnàjò Mẹ́kà. Òun náà kọ́ là ń sọ.

Kí ló ń mú inú run?

Lóṣooṣù, awọ inú ilé ọmọ máa ń nípọn, ó ń retí oyún. Bí oyún kò bá dé, awọ yẹn á ya, á bá ẹ̀jẹ̀ jáde. Kó tó lè jáde, á tú èròjà kan sílẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní prostaglandin, èròjà yìí ló sì ń mú kí iṣan ilé ọmọ fún pọ̀. Ẹ wo ẹni tó ń fún aṣọ. Bó bá jẹ́ aṣọ òkè tó rin gbindin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, á lọ́ ọ, á tún un lọ́, iṣan apá rẹ̀ á le koko. Bó bá jẹ́ ìborùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ni, ó ti tán. Obìnrin tí awọ rẹ̀ nípọn, tí prostaglandin rẹ̀ sì pọ̀, ilé ọmọ rẹ̀ á máa fún débi pé ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa ṣàn sínú iṣan náà á dín kù. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá.

Èròjà yìí kì í dúró sí ilé ọmọ nìkan. Ó ń kan ìfun, ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń ya ìgbẹ́ gbuuru lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí èébì ń gbé e, tí orí ń fọ́ ọ. Ilé kò ní ṣàì ní alágbàwí tó máa ní ṣúgà tó ń lá ló fà á, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Jẹ̀díjẹ̀dí kọ́.

Inú rírun tí kò ní àrùn kankan nídìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 6 sí 12 lẹ́yìn tí ọmọbìnrin kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù. Ó máa ń dé díẹ̀ ṣáájú ẹ̀jẹ̀ tàbí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, a máa mú ìsàlẹ̀ ikùn, ẹ̀yìn àti itan, kì í sì í ju ọjọ́ 1 sí 3 lọ. Oríṣi kejì ni èyí tí àrùn wà nídìí rẹ̀. Òun náà ní àyè tirẹ̀ nísàlẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ fún ọmọbìnrin pé, "Yóò lọ tó o bá bímọ." Fún àwọn kan, ó máa ń dín kù lẹ́yìn ìbímọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 16 tó ń ká kò bí ejò lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ ìdánwò WAEC, ṣé ìyẹn la fẹ́ ní kó máa dúró dè?

Báwo ni oògùn oyún ṣe wá ń dá inú rírun dúró?

Oògùn yìí ń dá ẹyin dúró kó má jáde lóṣù náà, kò sì ní jẹ́ kí awọ inú ilé ọmọ nípọn. Awọ tín-ín-rín, prostaglandin díẹ̀. Prostaglandin díẹ̀, fífún díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde náà á dín kù, èyí tó jẹ́ oore fún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tó.

Àwọn kan rò pé dókítà ìgbàlódé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi oògùn oyún ṣe ohun tí wọn kò ṣe é fún. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1957, ọdún kan náà tí wọ́n ṣí UCH nílùú wa yìí, ni àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Enovid, oògùn oníhóró àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Wàhálà nǹkan oṣù ni wọ́n fọwọ́ sí i fún. Ó di 1960, ọdún òmìnira Nàìjíríà, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi dènà oyún. Ìtọ́jú nǹkan oṣù ló ṣáájú.

Oògùn ayé ìgbà náà sì le ju tòní lọ fíìfíì. Nínú hóró Enovid àkọ́kọ́, ẹ́sítírójìn tó 0.15 mg, nínú tòní, 0.03 mg ni. Púpọ̀ nínú ìtàn tó ń dẹ́rù ba àwọn ìyá àgbà, ìgbà oògùn líle yẹn ni wọ́n ti wá.

Ṣé oògùn ìrora lásán kò tó ni?

Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ó tó, òun ló sì yẹ kéèyàn kọ́kọ́ dán wò bí kò bá nílò ìfètòsọ́mọbíbí. Ibuprofen, mefenamic acid àti diclofenac kì í kàn pa ìrora. Wọ́n ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe prostaglandin. Nítorí náà, ẹni tó dúró títí tó fi ń sunkún kó tó mu ún ti pẹ́ jù. Kí ó mu ún ní kété tó bá mọ̀ pé ó ti ń bọ̀, kó jẹun sí i, kó lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àrùn kíndìnrín tàbí ikọ́ fée kò gbọdọ̀ dá a lò láìbi dókítà. Paracetamol kò léwu tó wọn, àmọ́ kò lágbára tó wọn náà.

Ìgò omi gbígbóná tí wọ́n fi aṣọ wé, tí wọ́n gbé lé ìsàlẹ̀ ikùn, ń ṣiṣẹ́. Kò sí ohun ẹ̀gàn níbẹ̀.

Ní ti àgbo, ìgò rẹ̀ kì í ní ìwọ̀n lára. Bí ẹ bá ń mu ún, ẹ sọ fún ẹni tó máa kọ oògùn fún yín, ẹ má fi pa mọ́ nítorí ìtìjú.

Ìgbà tí oògùn ìrora kò bá tó, tàbí tí inú kò gbà á, tàbí tí obìnrin tún fẹ́ fètò sí ọmọ bíbí, ni oògùn họ́mọ́ónù máa ń wọlé.

Ta ni kò gbọdọ̀ lò ó?

Ibí ni kí ẹ ti kà dáadáa, torí ibí ni ewu wà.

Ẹ́sítírójìn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Kò wọ́pọ̀: nínú 10,000 obìnrin tí kò lóyún, tí kò sì lo oògùn, bíi 2 ni ẹ̀jẹ̀ ń dì fún lọ́dún kan, nínú 10,000 tó ń lo èyí tó ní levonorgestrel, 5 sí 7 ni. Oyún fúnra rẹ̀ ń fa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ewu yìí ga fún gan-an, ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà kẹ́míìsì kò sì lè fi ojú lásán mọ̀ wọ́n.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú. Nọ́ọ̀sì á wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ apá yín, á fẹ́ ẹ títí yóò fi fún apá pinpin, á tú u díẹ̀díẹ̀, á ka nọ́ńbà méjì. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀, oògùn ẹlẹ́sítírójìn kọ́ ló yẹ yín; bó bá dé 160/100, èèwọ̀ pátápátá ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun ènìyàn, ọmọ ogún ọdún sì lè ní in láìmọ̀. Ẹni tó bá ta oògùn yìí fún yín láìwọn ìfúnpá, tí kò bi yín ní ìbéèrè kan, ọjà ló tà fún yín, kò tọ́jú yín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì fún rí lẹ́sẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹni tó ti ní rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn, ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, àti obìnrin tó ti pé ọdún 35 tó ń mu sìgá. Ẹ sọ fún dókítà bí túúlu bá máa ń ṣe yín, pàápàá èyí tó jẹ́ pé ojú á kọ́kọ́ máa rí iná tó ń ṣẹ́ wìrìwìrì kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Irú túúlu yẹn àti ẹ́sítírójìn kò gbọdọ̀ pàdé, nítorí rọpárọsẹ̀. Ìyálọ́mọ tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 6 kò gbọdọ̀ lò ó. Bó bá ń fún ọmọ lọ́mú, kó ní sùúrù di oṣù 6, oníprojẹ́sítírónì nìkan wà fún un.

Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti àwọn oògùn wárápá kan bíi carbamazepine àti phenytoin, máa ń sọ oògùn yìí di aláìlágbára. Ẹ dárúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò.

Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ SS máa ń béèrè. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò kà á léèwọ̀ fún wọn, àmọ́ dókítà tó mọ ìtàn ara wọn ni kó dá sí i. Ó lè yan èyí tó ní projẹ́sítírónì nìkan dípò rẹ̀. AS kò ní ìṣòro.

Kí lèèyàn máa rí ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́?

Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 5 àkọ́kọ́ tí nǹkan oṣù dé ló rọrùn jù. Hóró kan, àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ kì í gbàgbé, bí oúnjẹ alẹ́. Mímu ún lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ á tún jẹ́ kí èébì tó lè máa gbé yín ní ìbẹ̀rẹ̀ rọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ lè máa kán díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù, ọmú lè máa dun yín, orí lè máa fọ́ díẹ̀. Èyí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ jù ú nù ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí wọ́n á sì máa sọ fún gbogbo Ìbàdàn pé kò ṣiṣẹ́. Ara nílò bí oṣù mẹ́ta láti mọ́ ọn lára. Inú rírun lè ti dín kù ní oṣù kìíní, àmọ́ ẹ má dá a lẹ́jọ́ kí oṣù kẹta tó pé.

Bí ẹ bá gbàgbé hóró kan, ẹ lò ó ní kété tí ẹ bá rántí, kí ẹ máa bá tòkù lọ. Bó bá jẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ lo hóró kan lójú ẹsẹ̀, ẹ máa bá a lọ, ṣùgbọ́n ààbò lọ́wọ́ oyún ti já: ẹ lo kọ́ńdọ̀mù títí ọjọ́ 7 yóò fi pé. Oògùn yìí kì í dènà kòkòrò HIV tàbí àtọ̀sí rárá.

Ẹsẹ̀ kan tó wú tó sì ń dunni, àyà dídùn tàbí èémí tó ṣàdédé ń há, orí fífọ́ tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ojú tó ṣú, ikùn tó ń dunni gidigidi: bí ọ̀kan bá yọjú, ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà. Ẹ má lọ sùn lé e.

Ẹ̀jẹ̀ dídọ̀tí kò ní kóra jọ sínú? Ilé ọmọ kò ní bàjẹ́?

Ìbéèrè yìí ni mo máa ń gbọ́ jù, àwọn tó ń béèrè rẹ̀ kì í sì í ṣe òpè. Wọ́n kọ́ wa pé nǹkan oṣù ń fọ inú mọ́, torí náà bí ẹ̀jẹ̀ bá dín kù, ọkàn ènìyàn á máa ṣe kámi-kàmì-kámi. Nǹkan oṣù kì í ṣe ìdọ̀tí. Awọ tó nípọn ló ń ya, bí awọ kò bá sì nípọn, kò sí ohun tó fẹ́ jáde, kò sí ohun tó ń kóra jọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń wá ní ọjọ́ 7 tí ẹ ń lo hóró aláìní-họ́mọ́ónù kì í tilẹ̀ ṣe nǹkan oṣù gidi. Ara ń fi hàn pé họ́mọ́ónù dáwọ́ dúró ni. Nítorí èyí ni dókítà fi lè ní kí ẹni tí inú ń run gan-an fo 7 yẹn, kó bẹ̀rẹ̀ káàdì tuntun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sẹ́jẹ̀, kò sí ìrora. Kò léwu.

Ilé ọmọ kò ní bàjẹ́. Bí obìnrin bá jáwọ́, ẹyin sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde padà láàárín oṣù 1 sí 3. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta ló máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti mú ìbẹ̀rù wá gbé ka orí oníhóró. Ní ti jẹjẹrẹ, ó ń dín ti ilé ẹyin àti ti awọ ilé ọmọ kù, ó sì ń mú ti ọmú ròkè díẹ̀ nígbà tí obìnrin ń lò ó lọ́wọ́. Wọ́n ti wádìí ọ̀rọ̀ sísanra náà, wọn kò rí i pé oògùn yìí ló ń fà á.

Ìgbà wo ni ká fura pé àrùn wà nídìí rẹ̀?

Bí inú rírun kò bá sí tẹ́lẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Bó bá ń burú sí i lọ́dọọdún. Bí páàdì kan bá ń kún láàárín wákàtí kan. Bí ìbálòpọ̀ tàbí ìgbẹ́ yíyà bá ń dunni nígbà nǹkan oṣù, tí ìrora ń wá láàárín oṣù, tàbí tí omi olóòórùn pẹ̀lú ibà ń yọ. Ó lè jẹ́ ìju, ìyẹn fibroid. Ó lè jẹ́ àkóràn tí wọn kò tọ́jú. Ó sì lè jẹ́ endometriosis, níbi tí awọ tó jọ ti inú ilé ọmọ ti ń hù síta ilé ọmọ, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ lóṣooṣù. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ, bíi 10% àwọn obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ ló ní in, síbẹ̀ ọdún máa ń gorí ọdún kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀ fún obìnrin, torí gbogbo ènìyàn ti sọ fún un pé bí obìnrin ṣe rí nìyẹn.

Níbo ni kéèyàn lọ ní Ìbàdàn?

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ìjọba tó wà ládùúgbò ní yàrá ìfètòsọ́mọbíbí. Adéọ̀yọ́ ní Yemetú wà, UCH náà wà fún èyí tó bá díjú. Láti ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí oògùn ìfètòsọ́mọbíbí jẹ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba, torí náà bí wọ́n bá ní kí ẹ sanwó, ẹ béèrè ohun tí owó náà wà fún.

Kí ọmọbìnrin múra: nọ́ọ̀sì kan lè bi í pé, "Ọkọ rẹ ńkọ́?" Kó fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, inú rírun nǹkan oṣù ló gbé mi wá, mo fẹ́ rí dókítà." Kí ìyá tàbí àǹtí bá a lọ bó bá ṣeé ṣe, torí dókítà máa béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ti ní rọpárọsẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì ní kékeré, ọmọ ọdún 19 kì í sì í sábà mọ̀. Kó kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn dé sílẹ̀, àti orúkọ oògùn tó ti lò.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kó padà lọ kí wọ́n tún wọn ìfúnpá rẹ̀. Bí inú bá ṣì ń run ún bíi ti tẹ́lẹ̀ nígbà náà, kó má gba káàdì tuntun kó sì máa lọ. Kó ní kí wọ́n ya àwòrán inú òun wò.